Ẹ̀kán Mẹ́ta fún Ọmọ Tó Ń Wúkọ́

Ọ̀kadà tó gbé Ìyé Tabitha wọ àgbàlá Rhoda láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kó gun orí bẹ́ǹṣì. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀ fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ojú ẹ fọ́ ni?" ọ̀kan nínú wọn pariwo mọ́ ọlọ́kadà. "A gbé ọmọ wá gba òògùn ikọ́, o wá fẹ́ fi taya tẹ̀ wá pa!"

Ọlọ́kadà ò bá a fa ọ̀rọ̀. Babátọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, eruku ti kun ojú rẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́. "Màmá Ẹ̀kán-Mẹ́ta dà?" ló ní. "Ayewa la ti ń sáré bọ̀. Ọmọ yìí ò dáa o."

Rhoda jáde láti ilé ìdáná, oje ewé àbámọ̀dá ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù ọyẹ́ ni, ìgbà tí eruku máa ń bo Kabba láti orí òkè dé inú ọjà, tí imú ọmọ wẹ́wẹ́ gbogbo á di ìsun. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, àsìkò tiẹ̀ ló dé. Òògùn ikọ́ ọmọdé ló ń ṣe, ó sì ti ń lọ sí ogún ọdún. Ẹ̀kán mẹ́ta láàárọ̀, ẹ̀kán mẹ́ta lálẹ́, nínú ṣíbí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tán. Kò sí pé à ń di ọmọ nímú, à ń rọ ọ́ lágbo, tí á máa ta pàkìtì bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ pa. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá ọlọ́mọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Màmá Ẹ̀kán-Mẹ́ta.

"Okun o, Ìyé," Rhoda kí i, ó fẹ́ kúnlẹ̀.

"Okun, ọmọ mi. Má kúnlẹ̀, wá gba ọmọ."

Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀, àmọ́ Ìyé Tabitha yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyé gbogbo ilẹ̀ Bùnù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Bí ẹ bá rí obìnrin láti Ayewa tàbí abúlé tó yí i ká lórí bẹ́ǹṣì Rhoda, òun ló rán an wá. Rédíò lè dákẹ́ nítorí bátìrì. Ti Ìyé Tabitha ò lo bátìrì.

Ó tú ọ̀já. Jọmílójú lorúkọ ọmọ náà, ọmọ oṣù mẹ́wàá, ọmọ Tabitha. Tabitha fúnra rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ tíṣà, ó ní kí ìyá òun bá òun wo ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Rhoda sún mọ́ ọn, ó wò ó. Ihò imú ọmọ náà ń ṣí, ó ń padé. Gbogbo ìgbà tó bá mí ni abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú lọ, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi okùn fà á láti inú. Kò sì sunkún. Ọmọ tó ń ké, agbára ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó dákẹ́, tó kàn ń wo èèyàn, òun ló ń dẹ́rù bani.

"Òògùn tó wà lọ́wọ́ mi, ó jọ pé ikọ́ yìí ti mọ̀ ọ́n lójú," Ìyé Tabitha ní. "Fún un ní tuntun. Èyí tó jí dáadáa." Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà o. Ẹ jẹ́ kó kán an sí i lẹ́nu ná, ẹ̀yin náà á rí nǹkan."

Rhoda ò lọ gbé ìgò. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ aago inú rẹ̀, ó ká aṣọ ọmọ sókè, ó tẹjú mọ́ ikùn rẹ̀. Ètè Rhoda ń mì, ó ń kà.

"Kí lò ń kà?"

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú kan péré."

Àwọn ìyá tó kù na ọrùn síwájú.

Ọ̀gá tó kọ́ Rhoda níṣẹ́ kọ́ ló kọ́ ọ ní kíka èémí ọmọ. Kiri ni wọ́n bí Rhoda sí, bàbá ń kírun, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ń jẹun nínú àwo kan. Ọkọ ló gbé e wá sí Kabba. Olúmidé àkọ́bí rẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àyà ọmọ náà á máa súfèé. Ó gbé e rìn títí ó fi gbé e dé Ẹ̀gbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bá Bàbá Simon pàdé, arúgbó kan tó ti ka ìwé hómíópátì, irú ìwòsàn àwọn òyìnbó kan, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Ìgò kéékèèké kún ilé rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Bàbá náà kán nǹkan sí Olúmidé lẹ́nu, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ara ọmọ yá. Ṣé òògùn ni, àbí ọmọ náà ló dàgbà kúrò níbẹ̀? Rhoda ò béèrè. Ọdún méjì ló fi ń fọ ìgò fún bàbá náà kó tó fi nǹkan kan hàn án.

Rẹ ewé àbámọ̀dá sínú ògógóró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìyá òògùn. Mú ẹ̀kán kan níbẹ̀, kán an sínú omi, gbá ìgò náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Tún mú ẹ̀kán kan nínú ìyẹn, kán an sínú omi mìíràn, tún gbá a. Bó ṣe ń kéré sí i ló ṣe ń lágbára sí i. "Omi ló ń jí i, gbígbá ló ń là á lójú," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Simon máa ń wí. Rhoda gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, títí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń fi ṣeré.

Kíkà ní tiẹ̀, àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ló kó àwọn elégbòogi jọ ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wọn. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, tó bá mí tó ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má fọwọ́ kàn án, ọsibítù ni. Bí abẹ́ ìhà bá wá ń wọnú, ẹ má tilẹ̀ dúró kà á. Rhoda mọ ìyẹn náà. Ó ń kà á nítorí pé ó ń bẹ Ọlọ́run kó má dé àádọ́ta ni.

Ó dé àádọ́ta, aago ṣì ń lọ. Ó parí sí méjìdínláàádọ́rin.

"Ìyé," ó ní, "n ò ní fún un ní nǹkan kan. Ọsibítù ni. Báyìí-báyìí."

Ìyé Tabitha rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

"Òògùn tán nílé ni?"

"Kò tán."

"Mo ṣẹ̀ ọ́?"

"Rárá o, Ìyé."

"Mo wá gbé ọmọ láti Ayewa, mo kọjá kẹ́mísì mẹ́fà, mo kọjá ọsibítù gan-an, mo ní ọ̀dọ̀ Rhoda ni mò ń lọ. O wá ní kí n padà síbi tí mo ti kọjá! Alágbẹ̀dẹ wo ló ń sọ fún èèyàn pé kó lọ rọ ọkọ́ níbòmíì?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kejì ti ń pọn ọmọ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Rhoda rí i. Ó mọ̀ pé kí oòrùn tó yẹ̀, gbogbo ọjà á ti gbọ́ pé Màmá Ẹ̀kán-Mẹ́ta sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òògùn òun ò tó.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ó bi í.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Mi ò sì fo ọjọ́ kan. Mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, bí o ṣe wí."

"Nínú ìgò wo? Ó ti lé lọ́dún kan tẹ́ ẹ ti ra ọ̀kan lọ́wọ́ mi."

Ìyé Tabitha tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìgò kan jáde. Ìgò Rhoda ni lóòótọ́, ìwé ara rẹ̀ ti pọ́n, àmọ́ ọjọ́ tí Rhoda fi bírò kọ síbẹ̀ ṣì hàn: ọyẹ́ èṣí. Ìgò náà sì kún dé ọrùn.

Rhoda wo ìgò náà, ó wo ìyá náà. "Ìyé, báwo ló ṣe kún?"

"Ah-ah! Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi?" Ojú ìyá àgbà náà ń dán. "Bó bá ti dé ìdajì, màá bu omi odò sí i, màá gbá a mọ́ ọwọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Mi ò jẹ́ fi ọ̀kan dín in. Bí mo bá ṣì í kà, màá tún bẹ̀rẹ̀. Omi ló ń jí i, àbí ìwọ kọ́ lo wí i? Ìgò ọwọ́ mi yìí ti lágbára ju èyí tó wà nínú yàrá rẹ lọ báyìí!"

"Ìgbà mélòó lẹ ti bu omi sí i?"

"Ó tó mẹ́wàá. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

 Ká ní ìyá yìí tan Rhoda jẹ ni, Rhoda ì bá mọ ohun tó máa sọ. Àmọ́ kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ìyá náà jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ ní Ayewa, ó ń gbá ìgò mọ́ àtẹ́lẹwọ́ arúgbó, ó ń kà á dé ọgọ́rùn-ún fún ìfẹ́ ọmọ. Ohun tí Rhoda fúnra rẹ̀ ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé gẹ́lẹ́ ló ṣe.

Ó kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ìkíni o, eékún méjèèjì ló fi gúnlẹ̀ nínú eruku níṣojú gbogbo wọn.

"Ìyé, ẹ gbọ́ mi. Omi lẹ ti ń fún ọmọ yìí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ yín kọ́, ẹnu mi ló kọ́ yín. Ẹ bú mi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti máa bú mi. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nígbà náà ni ojú ìyá àgbà náà yí padà. Ó di ọmọ mọ́ra. "Mi ò lè lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tabitha ti sọ fún mi lórí fóònù láti ọjọ́ kẹta pé kí n gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ní mo ti gbé e lọ. Mo ní ara rẹ̀ ti yá. Bí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀, Tabitha á gbọ́. Á ní mo fẹ́ pa ọmọ òun."

"Ìyé—"

"Kán ẹyọ kan péré sí i lẹ́nu! Kí ló máa gbà ọ́? Bí kò bá gbọ́, a ó lọ."

Rhoda wo ètè ọmọ náà. Ó ti ń ṣú bí ẹnu ẹni tó lá aró.

Kò tún bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà náà bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó gun ọ̀kadà. "Babátọ́pẹ́, ta á!"

"Rhoda! O fẹ́ jí ọmọ mi gbé ni?"

"Ẹ gùn ún, Ìyé! Ẹ gùn ún tàbí kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀!"

Ìyá náà ká ìró sókè, ó gun ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ orí yẹn! Babátọ́pẹ́ sì ta ọ̀kadà.

Rhoda ò pọn ọmọ, ó gbé e dúró mọ́ àyà kí ọ̀nà èémí rẹ̀ lè là, ó fi ìborùn bò ó lójú nítorí eruku. Eré ọ̀kadà ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan, àyà ara rẹ̀ ló fi ń gbọ́ tọmọ. Ó ń lù kìkì, ó ń lù kìkì. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ti dábùú ọ̀nà, awakọ̀ sì ti sọ̀kalẹ̀, òun àti onímọ́tò kan ń bú ara wọn níyàá.

"Gba àárín ilé wọ̀nyẹn!" Rhoda lọgun.

"Àgbàlá onílé ni!"

"Onílé á dárí jì ẹ́!"

Babátọ́pẹ́ gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná, ajá lé wọn, ìyá kan ju ìgbálẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ìgbà tí wọ́n ń jáde sí títì ni Rhoda rí i pé ọmọ náà ò mí mọ́.

Kò sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi èékánná ta àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó tún ta á. "Jọmílójú. Jọmílójú, má ṣe báyìí sí mi." Ó ta á lẹ́ẹ̀kẹta, tagbára-tagbára. Ọmọ náà gbọn, ó fa èémí kan tó dún bí ẹni ń fa aṣọ ya. Ó tún ń mí.

Ní ọsibítù, wọn ò jẹ́ kí wọ́n tò sórí ìlà. Nọ́ọ̀sì kan, Lois, rí àyà ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà, ó gbà á, ó ń lọ, ó ń pe àwọn tó kù. Wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú. Wọ́n wá iṣan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí, wọ́n rí i lẹ́sẹ̀. Lois mú ìwé, ó kọjú sí àwọn obìnrin méjèèjì.

"Kí lọmọ yìí ti mu láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi o, torí a fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́."

Rhoda la ẹnu, Ìyé Tabitha ti yára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò mu nǹkan kan," ó ní. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Omi ọ̀gì nìkan."

Rhoda mọ ohun tí ìyá náà ń ṣe. Ó ń bò ó láṣìírí. Ó ti bú u, ó ti pè é ní gbọ́mọgbọ́mọ, àmọ́ níwájú àlejò, ó ń bò ó. Ká ní Rhoda dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní wọ ìwé kankan.

"Ó mu," Rhoda wí. "Òògùn mi ni. Àbámọ̀dá àti ògógóró. Àmọ́ nígbà tó fi máa dé ẹnu ọmọ yìí, omi odò nìkan ló kù níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Lois gbé ojú sókè. "Omi odò tí wọn ò sè?"

"Tí wọn ò sè."

"Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Ẹ̀kán-Mẹ́ta?"

"Èmi ni."

 "Ọmọ àbúrò mi ń mu ún," nọ́ọ̀sì náà ní. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó wọlé lọ.

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyé Tabitha pe ọmọ rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó sọ òtítọ́ fún un, ó gbé fóònù jìnnà sí etí nítorí igbe tó ń ti inú rẹ̀ jáde. 

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ní, "Rhoda."

"Mà, Ìyé."

"Tèmi àti tìrẹ. Kí ni ìyàtọ̀?"

Rhoda wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le bí awọ nítorí ogún ọdún tó fi ń gbá ìgò. Ìdáhùn pọ̀ tó ti ń fún àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí. 

"N ò mọ̀, Ìyé."

"Hẹn." Ìyá náà mi orí. "Ó dára tó o sọ bẹ́ẹ̀. Torí kì í ṣe Jọmílójú nìkan."

"Kí lẹ wí?"

"Mo bu nínú rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ìyàwó Ìbítóyè, Ọmọ́ṣọlá, ó gba ìgò kan. Ìyá Benjamin náà gba ọ̀kan. Àwọn náà ti ń bu omi sí tiwọn. Àwọn ọmọ wọn ń wúkọ́ nígbà tí mo ń jáde láàárọ̀."

Rhoda dìde, ó tún jókòó. Kò lè kúrò níbẹ̀ láìmọ̀ bóyá ọmọ tó wà nínú yàrá yẹn á yè é.

Tabitha dé nígbà tí oòrùn ti ń yẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ìdánwò lọ́rùn. Kò kí ìyá rẹ̀. "Kí lẹ fún ọmọ mi?" Rhoda ló dáhùn, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, kò fi iyọ̀ sí i. Ọwọ́ Tabitha gbéra bíi pé yóò gbá a létí. Kò gbá a. Ó wọlé.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ igbe. Igbe ọmọ tí inú ń bí, ọmọ tó fẹ́ fa rọ́bà yọ nímú, tó fẹ́ ọmú, tó fẹ́ bá gbogbo ayé jà. Ìyé Tabitha di ògiri mú, ó bú sẹ́kún. Lois yọjú. "Èémí rẹ̀ ti wálẹ̀ sí mẹ́rìnléláàádọ́ta," ó ní. "A ò tíì jáde nínú rẹ̀ o. Àmọ́ ó ti ń bọ̀."

Rhoda jáde lọ bá Babátọ́pẹ́, tó ti sùn sórí ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ igi. "Dìde. Ayewa."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ọmọ́ṣọlá ń ro ọkà lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń sáré kiri, ó ń wúkọ́ díẹ̀, ó ń fa ikun símú. Rhoda kí i, ó pe ọmọ náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Abẹ́ ìhà rẹ̀ dúró. Èémí rẹ̀ rọra ń lọ. Ọmọ tó ń sàn ni.

"Ìgò tí Ìyé Tabitha fún ẹ dà?"

"Ó wà nílé. Kí ló dé?"

"Gbé e fún mi. Omi odò ni."

Ọmọ́ṣọlá wò ó bí ẹni tó ya wèrè. Ó wọlé, ó gbé e jáde, ó sì fi pamọ́ sẹ́yìn. "Màmá Ẹ̀kán-Mẹ́ta, ẹ má ṣeré. Ọmọ mi ò lè sùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wò ó báyìí. Ó wò ó sàn o!"

"Kì í ṣe òun ló wò ó sàn."

"Kí ló wá wò ó sàn?"

"Ikọ́ rẹ̀ ló tó àsìkò tó máa lọ." Ó dun Rhoda lẹ́nu bó ṣe ń sọ ọ́. Ó na ọwọ́ síwájú. "Gbé e fún mi, Ọmọ́ṣọlá. Bí ikọ́ míì bá dé, tó ń mí kíákíá, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú, má dúró kán nǹkan kan. Ọsibítù ni kí o gbé e lọ. Kódà bó o bá pàdé mi lójú ọ̀nà, má dúró kí mi."

Ọmọ́ṣọlá ò gbé e sílẹ̀. Ọkà rẹ̀ ti ń jóná lórí ààrò, kò wò ó.

"Bó bá jẹ́ omi ni," ó ní, "kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe?"

"Màá dà á nù," Rhoda ní. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà síwájú. Babátọ́pẹ́ ti ń tẹ fèrè lójú ọ̀nà, torí ilé ìyá Benjamin ṣì wà níwájú. Rhoda dúró títí Ọmọ́ṣọlá fi rí i pé kò ní kúrò, tó fi ìbínú gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́.